Òdo ló ń sọ, irọ́ ló ń pa: ọ̀rọ̀ kálípà ẹ̀gbọ́n mi kan

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ mọwọ́ ara wa, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn tún ọta ráífù wọn kì. Kòròfo idẹ tí wọ́n bá ti yìn tán, wọn ò ní jù ú nù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó padà sí bó ṣe wà, wọ́n á fi práímà tuntun sí i (ohun kékeré ẹ̀yìn kòròfo tó ń ṣáná sí ẹtù), wọ́n á wọn ẹtù sínú ẹ̀, wọ́n á wá fi orí ọta tuntun dé e. Níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á, iṣẹ́ tó gbádùn mọ́ni ni, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fojú kékeré wò o, nǹkan tó ń bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni là ń sọ yìí. Èmi ò kì ọta rí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ lathe ni mò ń ṣe, irin ni mò ń gé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wíwọn nǹkan sì ni mo fi ń jẹun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí lálẹ́ Sátidé yẹn.

"Àbúrò, ọta mi ò wọlé mọ́."

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì àádọ́ta ọta .308 Winchester, àwọn gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, àkọ́kọ́ lọ, ìkejì lọ, nígbà tó di ìkẹta bólùtì ìbọn, irin tó ń ti ọta wọlé tó sì ń dé ẹ̀yìn ẹ̀, ò fẹ́ pa dé, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó wọlé, wọ́n yìn ín. Ariwo ẹ̀ ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n bólùtì ò fẹ́ gbéra sókè mọ́, ìgbà tí wọ́n sì fa kòròfo yẹn yọ tán, práímà ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi òòlù lù ú. Wọ́n kó ẹrù wọn, ó di ilé. Mo ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró níbẹ̀, torí mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìkẹrin ni wọn ì bá fi wò ó bóyá ó ti dáa.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n kì í ṣe nípa ẹtù. Mo ní kí lẹ fi wọn gígùn kòròfo yẹn? (Kálípà tí wọ́n fi dáhùn yìí, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni, àárín ẹnu ẹ̀ la máa ń fi nǹkan há sí ká lè mọ bó ṣe gùn tàbí nípọn tó.)

"Kálípà mi ni. Mo sì rí i pé òdo ló wà kí n tó bẹ̀rẹ̀, o mọ̀ mí, mi ò kí ń fi ìyẹn ṣeré."

Òótọ́ ni, wọn kì í fi ṣeré, èèyàn tó ń fara balẹ̀ ni wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ gan-an nìyẹn, torí ká ní aláìbìkítà ni wọ́n, a ò bá ti mọ ẹni tí a máa bá wí.

Ọjọ́ kejì mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Tábìlì wọn mọ́ ju tèmi lọ. Kálípà yẹn, oní-nọ́ńbà ni, irú èyí tó ń ṣí dé íǹṣì mẹ́fà, tí ò gbówó lórí, àpótí oníke dúdú ni wọ́n ń fi í sí. Wọ́n mú un, wọ́n pa ẹnu ẹ̀ dé, sìkírìnì kọ 0.0000. Wọ́n ṣí i, wọ́n tún pa á dé, 0.0000. Wọ́n mú kòròfo kan láti inú àwọn tí wọ́n ti yọ orí ẹ̀, wọ́n fi sí i, 2.0130. Wọ́n yíjú sí mi pé ṣé o rí i, ibi tí kòròfo .308 ò gbọ́dọ̀ gùn kọjá ni íǹṣì 2.015, kò tíì dé bẹ̀, kí wá ló dé?

Fún àwọn tí ò mọ̀, idẹ máa ń ṣàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìn ín, tí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ gba inú dáì, irin oníhò tó ń dá a padà sí bó ṣe wà, ọrùn ẹ̀ á máa gùn díẹ̀díẹ̀, tó bá ti gùn ju 2.015 lọ, ẹ óò gé e padà sí nǹkan bíi 2.005. Tẹ́ ò bá gé e, ẹnu kòròfo á lọ kan ibi tí ihò ọta inú ìbọn ti ń há, á wá fún orí ọta mọ́ra bí ẹni fún ọrùn àpò pa, orí ọta ò ní tètè jáde, èéfín tó ń gbóná á há sẹ́yìn ẹ̀, agbára inú ìbọn á wá ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Práímà tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, bí ìbọn ṣe ń pariwo "ẹ gbà mí" nìyẹn.

Inú àpò mi ni mo kó gauge block mẹ́ta sí, irin kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n ti lọ̀ títí tí ojú ẹ̀ fi ń dán bíi dígí, tí gígùn ẹ̀ sì dé gẹ́lẹ́. Carl Edvard Johansson ará Sweden ló gbé irú ẹ̀ dé, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, títí dòní òun ṣì ni baba fún gbogbo ohun tí à ń fi wọn nǹkan ní ilé iṣẹ́. Mo mú ti íǹṣì kan, mo ní kí wọ́n fi kálípà wọn wọ̀n ọ́n. 0.9940. Wọ́n ní mi ò dì í mú dáadáa ni, wọ́n tún un ṣe. 0.9940. Mo mú ti íǹṣì méjì: 1.9940. Ti íǹṣì mẹ́ta: 2.9940.

Ìyẹn ló là mí lójú. Ká ní ojú ìwọ̀n ara kálípà ló bàjẹ́, bí nǹkan bá ṣe ń gùn sí i ni àṣìṣe ẹ̀ á máa pọ̀ sí i, íǹṣì mẹ́ta ò ní jẹ iye kan náà tí íǹṣì kan jẹ. Àmọ́ 0.006 ni gbogbo wọn jẹ, kò lé, kò dín. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wọ́, òdo yẹn fúnra ẹ̀ ni kì í ṣe òdo. (Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, 0.001, la máa ń pè ní thou, irun orí èèyàn máa ń nípọn tó thou méjì sí mẹ́rin, nítorí náà thou mẹ́fà ò ju bí irun méjì tí a tò pọ̀.)

Mo gba kálípà, mo pa ẹnu ẹ̀ dé, mo gbé e kọjú sí gílóòbù iná. Ẹnu kálípà tó pa dé dáadáa, iná ò gbọ́dọ̀ gba àárín ẹ̀ kọjá. Tiwọn, iná ń là láti ìdí dé ìtòsí orí, ó tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, ibi orí pátápátá nìkan ló dúdú. Mo fà bébà funfun kan gba àárín ẹnu yẹn nígbà tí mo pa á dé díẹ̀, nǹkan kan bọ́ sórí tábìlì tí a ò tètè rí. Èérún idẹ ni, ó kéré ju ìrẹsì tí wọ́n fọ́ sí mẹ́wàá lọ, ọ̀rá tí wọ́n ń fi pa kòròfo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára, òun ló fi lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mo tún pa ẹnu kálípà dé. Sìkírìnì kọ −0.0060.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Èérún yẹn lẹ̀ mọ́ orí ẹnu kálípà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gé àwọn kòròfo mìíì tí wọ́n sì ń fá etí wọn. Wọ́n pa kálípà dé, èérún yẹn wà láàárín, wọ́n tẹ bọ́tìnì òdo, ẹ̀rọ náà gbà, torí bọ́tìnì yẹn ò lójú, ibi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ló máa pè ní òdo. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀, èérún kan náà ló ń dá ẹnu méjèèjì dúró síbì kan náà, òdo náà ló ń sọ. Kòròfo wá rèé, àárín ẹnu ni wọ́n ń fi sí, kò kan orí tí èérún wà, nítorí náà ohun tí kálípà ń sọ fi thou mẹ́fà kéré sí òótọ́. 2.013 tí wọ́n fi ń yangàn yẹn, 2.019 ni. Wọ́n ń fi kálípà ṣẹ́ẹ̀kì kálípà, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Gígùn ọta lódindi ńkọ́? Ìyẹn, orí ló kó wọn yọ. Òdiwọ̀n tó ga jù fún .308 ni 2.800, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀, 2.790 ni wọ́n ń kà, 2.796 ló jẹ́ ní tòótọ́, kò kọjá.

A tú gbogbo mẹ́tàdínláàádọ́ta tó kù. Ìkan-ìkan la fa orí wọn yọ, iṣẹ́ tó ń sú ni, a mu omi lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. A wá fi kálípà tí a ti nù wọn kòròfo wọn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọjá 2.015, èyí tó gùn jù jẹ́ 2.020. Wọ́n gé gbogbo ẹ̀ padà sí 2.005. Ó tán níbẹ̀.

Ibi tí ìjà wá ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n gbé kálípà yẹn, ó di inú garawa ìdọ̀tí. Wọ́n ní ohun tí ò gbówó lórí nìyẹn, àwọn á ra èyí tó dáa jù láyé, àwọn á sì ra maikirómítà, irinṣẹ́ oní-skúrù tó ń wọn nǹkan fínnífínní ju kálípà lọ, èyí tó ń ka nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn ojú àmì. Mo yọ ọ́ kúrò nínú garawa. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kálípà tó wọ́n jù láyé ì bá ṣe sí èérún idẹ? Òun náà á sọ òdo. Ohun tẹ́ ẹ ṣaláìní ni ẹlẹ́rìí, irin kan péré tí gígùn ẹ̀ ò yí padà, tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó wọn nǹkan míì. Gauge block íǹṣì méjì kan ṣoṣo ì bá ti tú àṣírí yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Wọn ò dáhùn, mo mọ̀ pé ó ti wọlé.

Ìyẹn ò ní kí gbogbo kálípà jẹ́ ọ̀kan náà o. A jókòó, a tò ó sílẹ̀ ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra irinṣẹ́ kó tó ronú ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gígùn kòròfo: àyè tó wà láàárín 2.005 àti 2.015 jẹ́ thou mẹ́wàá. Àtijọ́ làwa oníṣẹ́ irin ti ń sọ pé kí irinṣẹ́ èèyàn ríran ní ìlọ́po mẹ́wàá ju àyè tí wọ́n fún un lọ, ẹ pín in, thou kan ni, kálípà tó dáa sì máa ń tọ́ láàárín thou kan sókè tàbí sísàlẹ̀. Kálípà tó fún ìyẹn, kò sí ìdí láti wá òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí sìkírìnì tàn yín jẹ ṣá, pé ó ń ka 0.0005 ò ní kó tọ́ dé 0.0005, bí ó ṣe ń kà á yàtọ̀ sí bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré kọ́ ló mọ ọ̀rọ̀ jù.

Mo fi nǹkan kan hàn wọ́n tí wọn ò tíì rí rí. Mo fi gauge block íǹṣì kan sí ìdí ẹnu kálípà, lẹ́bàá ọ̀pá: 1.0000. Mo sún un lọ sí orí ẹnu pátápátá, mo fún un díẹ̀: 0.9985. Irin kan náà o. Torí ojú ìwọ̀n wà lára ọ̀pá, ohun tí à ń wọ̀n sì wà lọ́nà jíjìn sí i, apá tó ń rìn á tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sí ọwọ́ kan. Ernst Abbe ará Jámánì ló sọ ọ́ ní 1890 pé kí ohun tí à ń wọ̀n àti ojú ìwọ̀n wà lórí ìlà kan ṣoṣo, kálípà ò tẹ̀ lé e, maikirómítà tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló fà á tí a fi ń gba maikirómítà gbọ́ jù, kì í ṣe pé ó rẹwà. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń ra kálípà, ẹ sún nǹkan kan láti ìdí lọ sórí, ẹ wo bó ṣe ń tẹ̀ tó, ẹ pa á dé kẹ́ ẹ wò ó lójú iná, ẹ fi ìka mi apá tó ń rìn bóyá ó ń gbọ̀n. Mitutoyo ti Japan dáa, Starrett ti Amẹ́ríkà dáa, ẹni tó bá lè rà wọ́n kó rà wọ́n, àmọ́ àwọn oníjìbìtì ń lẹ orúkọ ńlá mọ́ ayédèrú, nítorí náà ẹ má ra orúkọ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀.

Wọ́n bi mí nípa kálípà oní-dáyà, tó ní ọwọ́ bíi ti aago, àti fáníà, tó jẹ́ pé ìlà ara ẹ̀ lásán la fi ń kà á. Oní-dáyà ò nílò bátìrì, àmọ́ irú èérún idẹ yẹn náà tó bá wọ eyín inú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á fò kọjá nọ́ńbà, ẹ sì lè má mọ̀. Fáníà ò ní wàhálà kankan àfi ojú, ojú ẹ̀gbọ́n sì ti ń fẹ́ gíláàsì. A fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń ráhùn pé oṣù díẹ̀ ló ń kú, mo ṣí i, LR44 ni mo bá níbẹ̀. SR44 ni kẹ́ ẹ máa fi sí i, ìwọ̀n wọn dọ́gba, àmọ́ SR44 máa ń di agbára ẹ̀ mú títí tó fi fẹ́ kú, LR44 ń rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀díẹ̀, kálípà tí bátìrì ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì sì lè máa fo nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ò wọ́n, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa sìkírìnì, inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ bátìrì lọ ní tiẹ̀, ẹ yọ ọ́ tẹ́ ò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́.

Maikirómítà wá ni wọ́n nílò ní tòótọ́, fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni bí orí ọta ṣe nípọn tó, .308, èyí tí thou kan ti tó láti dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Mo mú tèmi jáde, ti 0 sí íǹṣì kan, mo ní kí wọ́n wọn orí ọta kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n fi ìka di ara agolo ẹ̀ gan-an, apá roboto tó ń yí, wọ́n ń yí i bí ẹni ń dé ìgò, 0.3076, 0.3081, 0.3078, ó ń jó káàkiri. Mo ní ẹ di ìrù ẹ̀ kékeré yẹn mú, ibi tó ń dún ka-ka-ka, kó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kà á. 0.3080, 0.3081, 0.3080. Ìrù yẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ gbogbo èèyàn wúwo bákan náà. Orí ọta tó jẹ́ òjé lásán, ẹ tún rọra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òjé rọ̀, ẹ lè fún un kéré.

Kíkà á ò le. Skúrù inú ẹ̀ ní eyín ogójì nínú íǹṣì kan, nítorí náà bẹ́ ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ó rìn 0.025, wọ́n wá pín agolo yípo sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ thou kan. Ara ọ̀pá fi 3 hàn, ìyẹn 0.300, kò sí ìlà míì tó yọ lẹ́yìn ẹ̀, agolo dúró lórí 8: 0.308. Ìlà wínníwínní ẹ̀yìn ọ̀pá ló ń fún wa ní nọ́ńbà kẹrin.

Ìkejì ni bí ògiri ọrùn kòròfo ṣe nípọn tó, èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọsẹ̀ lé. Inú ọrùn rí roboto, ẹnu kálípà tẹ́jú, tẹ́ ẹ bá ki ohun tó tẹ́jú bọ inú ohun tó rí roboto, etí ẹ̀ méjèèjì ló máa kàn, àárín ò ní kàn, ẹ óò wá kà á nípọn ju bó ṣe jẹ́. Kálípà wọn kà á sí 0.0160. Maikirómítà tí ojú ẹ̀ kan rí bíi bọ́ọ̀lù kékeré kà á sí 0.0145. Thou kan àtààbọ̀ lórí ohun tí ò tó thou mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn kì í ṣe kékeré rárá.

Nọ́ńbà márùn-ún tí wọ́n fẹ́ yẹn, mo ní kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. 20°C ni ayé fẹnu kò sí fún wíwọn nǹkan, irin tó gùn tó íǹṣì kan, tó bá fi 10°C gbóná sí i, ó ti gùn sí i ní nǹkan bíi 0.0001. Bẹ́ ẹ bá di maikirómítà mú lọ́wọ́ títí tẹ́ ẹ fi parí ìtàn, nọ́ńbà karùn-ún yẹn, ooru ọwọ́ yín lẹ̀ ń kà.

Ohun tí wọ́n rà nígbẹ̀yìn: maikirómítà 0 sí íǹṣì kan, aláìníbátìrì, tí ojú ẹ̀ jẹ́ carbide tí kì í tètè jẹ, ọ̀kan tó lójú bọ́ọ̀lù, gauge block íǹṣì kan àti íǹṣì méjì. Wọ́n fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá kún un torí àtika nọ́ńbà kẹrin, mo ti ní kí wọ́n ra oní-nọ́ńbà, kò sí ìtìjú níbẹ̀, wọ́n ní ojú àwọn ò tíì burú tóyẹn. Kálípà tuntun? Wọn ò rà. Nǹkan tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi maikirómítà tuntun yẹn wọ̀n ni èérún idẹ, mi ò mọ̀ pé wọ́n fi pamọ́. 0.0058. Sẹlotéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ń kọ ọta sí.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ fóònù dún.

"Àbúrò, irin íǹṣì méjì, ó ń ka 1.9985. Ṣé kálípà yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹ ti fa bébà gba ẹnu ẹ̀?"

Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bí bébà ṣe ń ya. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "2.0000. Ó dàárọ̀."